Iná Check Engine Tó Kọ̀ Tí Kò Kú: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Bí iná check engine bá tàn, tí ẹnì kan fi síkánà (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) pa á, tó tún tàn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó tan án kò tíì kúrò níbẹ̀ ni. Nínú ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ọdún, ohun náà sábà máa ń jẹ́ nǹkan kékeré: rọ́bà tó ti gbó, wáyà tó ti jẹra, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi ti wọ̀, ìdérí tànkì tí kò dé dáadáa mọ́. Síbẹ̀, bí síkánà bá ti lè dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kan báyìí, kíá ni wọ́n á ti lọ ra òmíràn. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, iná á tún tàn, wọ́n á tún ra ìkejì. Owó ń lọ, àrùn kò lọ. Ibi tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni kóòdù ń sọ. Ohun tó fà á kù sọ́wọ́ ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, mítà àti ojú la sì fi ń wá a.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀. Síkánà tó lè fi nọ́ńbà hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní live data; mítà tó ń wọn fólìtì àti óòmù; tọ́ọ̀ṣì; sípánà; bíró àti ìwé. Síkánà tó kàn ń ka kóòdù lásán kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí nínú live data ni ìdáhùn wà lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ẹ tó fi síkánà kàn án

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì ọkọ̀. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn nígbà yẹn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tàn rárá ní ON, gílóòbù rẹ̀ ti jó tàbí kẹ̀, ẹnì kan ti yọ ọ́ kó lè ta ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù kò gbọdọ̀ fojú fo èyí.

Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú lójú ọ̀nà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àkísẹ̀létọ̀, kí ẹ sì wá ibi tí kò léwu dúró sí. Iná tó ń ṣẹ́jú ń sọ pé epo kò jó dáadáa nínú sílíńdà kan ó kéré tán. Epo tútù yẹn ń ṣàn lọ sínú catalytic converter (catalyst, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́), ó ń jó níbẹ̀, ìgbóná rẹ̀ sì lè yọ́ inú catalyst náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àtúnṣe kọ́ìlì kan á wá di àtúnṣe catalyst. Iná tó tàn tí kò ṣẹ́jú fún yín láyè láti délé, bí iná pupa ti ọ́ìlì tàbí ti ìgbóná ẹ́ńjìnnì kò bá tàn pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn iná pupa wọ̀nyẹn bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bátìrì. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan, bátìrì tó pé máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 fólìtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.7. Kọ̀ǹpútà tí iná rẹ̀ kò tó máa ń ka gbogbo sẹ́ńsọ̀ lódì, á sì tú kóòdù márùn-ún, mẹ́fà sílẹ̀ tí kò bára wọn tan. Bí síkánà bá ti mú P0562 wá láàárín àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ bátìrì, alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) àti wáyà wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ẹ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo inú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣé àpótí fílítà afẹ́fẹ́ padé dáadáa? Ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ń fì? Ṣé eku ti jẹ wáyà? Ṣé omi rédíétọ̀ àti ọ́ìlì dé ìwọ̀n? Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe kí iná tó tàn, kó padà síbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ yẹn kó tó lọ síbòmíràn. Páìpù rọ́bà kan tí wọ́n gbàgbé láti so padà ti fa iná púpọ̀.

Kíka kóòdù, àti ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ yára pa á

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ìsokọ́ OBD-II, tó ní ihò 16, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní apá ibi tí orúnkún awakọ̀ wà. Ní Yúróòpù, 2001 ni ó di dandan fún ọkọ̀ tuntun tó ń lo epo bẹntiróòlù. Ọkọ̀ tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa fi iná fúnra rẹ̀ sọ kóòdù: nínú àwọn Toyota àtijọ́, ẹ fi wáyà kékeré kan so TE1 mọ́ E1 nínú àpótí ìsokọ́ tó wà lábẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ sì ka bí iná ṣe ń ṣẹ́jú. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sinmi díẹ̀, tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún, kóòdù 25 nìyẹn. Ìwé ọkọ̀ náà ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí síkánà kò bá tàn nígbà tí ẹ bá so ó mọ́ ojú ìsokọ́, ẹ wo fíúsì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fíúsì kan náà ni òun àti ibi tí a ti ń tan sìgá jọ ń lò, ẹ̀rọ ìgbanáfóònù tó bàjẹ́ sì máa ń jó o. Ẹ fi mítà wọn ihò 16 sí ihò 4: iná bátìrì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo kóòdù sílẹ̀, títí kan àwọn tí síkánà pè ní pending, ìyẹn àwọn tí kọ̀ǹpútà ti rí lẹ́ẹ̀kan àmọ́ tí kò tíì tan iná nítorí wọn. Ẹ kọ freeze frame náà pẹ̀lú. Freeze frame ni àwòrán ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò tí àléébù náà wáyé: RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, ìgbóná omi, bí ẹrù ẹ́ńjìnnì ṣe pọ̀ tó, ìwọ̀n epo. Ẹni tó bá pa kóòdù kí ó tó kọ nǹkan wọ̀nyí ti pa ẹlẹ́rìí. Kì í sì í ṣe kóòdù nìkan ló lọ. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ ló pa rẹ́ pẹ̀lú.

Lẹ́tà tó ṣíwájú kóòdù ń sọ agbègbè: P ni ẹ́ńjìnnì àti gíà, B ni bọ́dì, C ni abẹ́ ọkọ̀ bíi bíréèkì ABS, U ni ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà. Bí nọ́ńbà tó tẹ̀lé P bá jẹ́ 0, ìtumọ̀ kan náà ló ní nínú gbogbo ọkọ̀. Bó bá jẹ́ 1, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ẹ má sì lo ìtumọ̀ ọkọ̀ mìíràn fún un. Nọ́ńbà tó tún tẹ̀lé e ń sọ ẹ̀ka: 1 àti 2 jẹ́ ọ̀rọ̀ epo àti afẹ́fẹ́, 3 jẹ́ ti iná púlọ́ọ̀gì, 4 jẹ́ ti èéfín, 5 jẹ́ ti ìyára ọkọ̀ àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dúró, 6 jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, 7 jẹ́ ti gíà.

Bí kóòdù bá pọ̀, ètò wà fún wọn. Ti iná bátìrì ló ṣáájú. Bí sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta bá kú lọ́jọ́ kan náà, fíúsì tàbí wáyà earth (èyí tó lọ sí negative bátìrì) tí wọ́n jọ ń lò ni kí ẹ fura sí, nítorí kò wọ́pọ̀ kí mẹ́ta kú pọ̀. Bí misfire (sílíńdà tí kò jó epo rẹ̀) àti P0420 (kóòdù tó ń sọ pé catalyst kò ṣiṣẹ́ dáadáa) bá jọ wà, misfire ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí misfire bá wà pẹ̀lú P0171, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló ṣeé ṣe kó bí misfire yẹn.

P0171 àti P0174: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ

Nínú gbogbo kóòdù tó ń dá ọkọ̀ àgbà láàmú, èyí ló yẹ ká jókòó tì jù, torí òun ló ń mú kí wọ́n ra pààtì tí kò yẹ. P0171 ń sọ pé epo kò tó fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ní bank 1, ìyẹn apá tí sílíńdà kìíní wà. P0174 ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa bank 2, èyí tí ẹ ó rí nínú ẹ́ńjìnnì tó là sí méjì bíi lẹ́tà V.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́ èéfín wò. Bí ọ́síjìn bá ṣẹ́kù jù nínú èéfín, á fi kún epo. Ìwọ̀n tó ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò ni fuel trim. Short term ni èyí tó ń ṣe lójú ẹsẹ̀, long term ni èyí tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Láàárín -10% sí +10% kò sí wàhálà. Bí àròpọ̀ náà bá ti ń sún mọ́ +25%, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á tan iná.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ní ìta gbangba, kì í ṣe nínú gáréèjì tí a tì, nítorí èéfín ọkọ̀ ń pani láìlóòórùn. Ẹ kọ fuel trim sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ àkísẹ̀létọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ títí RPM á fi dé 2,500, ẹ dúró síbẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ tún kọ ọ́. Ẹ wá gbé ọkọ̀ jáde, kí ẹnì kejì máa wo síkánà bí ẹ ṣe ń gun òkè.

Bí ó bá jẹ́ +22% ní ìdúró, tó sì rọlẹ̀ sí +4% ní 2,500, afẹ́fẹ́ kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé. Ihò kékeré ṣe pàtàkì nígbà tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kéré; nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí gidi, kò jẹ́ nǹkankan mọ́. Bó bá jẹ́ +3% ní ìdúró, tó wá gòkè dé +20% nígbà tí ẹ ń gun òkè, epo ni kò dé bó ṣe yẹ: fílítà epo tó ti dí, pọ́ǹpù tó ti rẹ̀, tàbí nọ́súlù tó ti dọ̀tí. Sẹ́ńsọ̀ MAF (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) tó dọ̀tí náà máa ń burú sí i bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ nu òun kí ẹ tó sọ pọ́ǹpù kalẹ̀.

Freeze frame ti máa ń sọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. P0171 tí freeze frame rẹ̀ jẹ́ RPM 750, ìsáré 0, omi 92°C, wáyé nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan. Èyí tó wáyé ní RPM 3,000 lórí ẹrù 80% jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá.

Wíwá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pá rọ́bà ńlá tó so sẹ́ńsọ̀ MAF mọ́ throttle body (ẹnu ọ̀nà tí àkísẹ̀létọ̀ ń ṣí fún afẹ́fẹ́). Ó ní ìṣẹ́po bíi ti àkọ́díọ̀nù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ojú kò tó ló sì máa ń kọ́kọ́ là. Bí ọkọ̀ bá dúró, ojú ìlà náà á pa dé, ẹ kò ní rí nǹkankan. Bí ẹ bá gbéra tí ẹ́ńjìnnì fì lórí ìjókòó rẹ̀, á yanu. Torí náà ẹ tú u sílẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ ẹ, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo rọ́bà PCV (èyí tó ń kó oru ọ́ìlì padà sínú ẹ́ńjìnnì), pàápàá ibi tó ti tẹ̀ lábẹ́ manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà), níbi tí oru ọ́ìlì ti ń sọ rọ́bà di rírọ̀ bí àmàlà tó ti tútù tán. Ẹ wo rọ́bà tó lọ sí ibùsítà bíréèkì, gásíkẹ́ẹ̀tì manifold, àti rọ́bà òrùka ara nọ́súlù. Nínú ọkọ̀ tó ní MAF, ìdérí ọ́ìlì tí kò dé àti ọ̀pá ìwọnlẹ̀ ọ́ìlì tí kò jókòó dáadáa lè fa kóòdù yìí náà.

Bí ojú kò bá rí i, ẹ fi omi inú ìgò afínfín fín ibi tí ẹ ń fura sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yẹra fún kọ́ìlì àti wáyà. Bí omi bá dí ihò náà fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìró ẹ́ńjìnnì á yí padà. Àwọn kan ń fi carburetor cleaner ṣe é, torí pé ó máa ń jó nínú ẹ́ńjìnnì tí fuel trim á sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n iná lè ràn: ẹ ṣe é nígbà tí manifold èéfín kò tíì gbóná, kí ohun èlò ìpaná sì wà nítòsí. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín sínú manifold ló dára jù lọ, bí ẹ bá rí i yá. Agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 1 psi lọ, kó má baà fa ohun mìíràn ya.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọkọ̀ tí kò ní MAF, tó jẹ́ MAP (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú manifold) ló ń lò: kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń rí afẹ́fẹ́ ẹ̀bùrú yẹn gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ gidi, á sì fi epo kún un. Dípò P0171, ẹ́ńjìnnì á kàn máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó dúró.

Láti nu MAF, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ọ́, ẹ fín in pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ọwọ́, búrọ́ọ̀ṣì tàbí aṣọ kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀, torí kíá ló ń já. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Ẹ́ńjìnnì lítà 2 tó ti gbóná máa ń ka nǹkan bíi gíráàmù 2 sí 3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìdúró. Bí tiyín bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lẹ́yìn tí ẹ nù ún tí kò sì sí ihò níbì kankan, ìgbà yẹn ló tó ká sọ pé sẹ́ńsọ̀ náà ti kú.

Fún epo, géèjì ìwọ̀n agbára epo ló ń parí àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ní nọ́súlù nínú manifold ń lo nǹkan bíi 40 sí 58 psi, ìwé ọkọ̀ á sọ tiyín gan-an. Bí ó bá sì jẹ́ òdìkejì ni síkánà mú wá, P0172, tó ń sọ pé epo pọ̀ jù, ẹ yọ rọ́bà fákúùmù tó wà lórí regulator epo (ohun tó ń dá ìwọ̀n agbára epo dúró), bí ọkọ̀ yín bá ní irú rẹ̀. Bí epo bá wà nínú rọ́bà yẹn, awọ inú regulator ti ya.

P0300 sí P0308: sílíńdà tí kò jó epo rẹ̀

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ń dárúkọ sílíńdà: P0302 ni sílíńdà kejì. P0300 ń sọ pé ó ń káàkiri. Ìwé ọkọ̀ á sọ ibi tí kíkà sílíńdà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má kàn méfò.

Bí kọ́ìlì bá wà fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà kejì sí ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹta sí ìkejì. Ẹ pa kóòdù, kí ẹ wa ọkọ̀. Bí P0303 bá jáde, kọ́ìlì ló bàjẹ́, ẹ sì ti mọ̀ láìra nǹkankan. Bí P0302 bá dúró, ẹ ṣe bákan náà fún púlọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà fún nọ́súlù.

Ẹ wo ojú púlọ́ọ̀gì tí ẹ yọ. Tó bá tutù pẹ̀lú epo, iná kò sí níbẹ̀. Tó bá dúdú tó sì ń yọ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì, ọ́ìlì ń wọ sílíńdà. Bí ọ́ìlì bá kún ihò púlọ́ọ̀gì láti òkè, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù ló ń jò, ọ́ìlì yẹn á sì tún ba kọ́ìlì tuntun jẹ́ bí ẹ kò bá kọ́kọ́ yanjú rẹ̀. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì sábà máa ń wà láàárín 0.8 sí 1.1 mílímítà. Ẹ fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ sí í yí púlọ́ọ̀gì wọlé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ má baà ba ojú ihò alumíníọ̀mù jẹ́.

Bí kọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti nọ́súlù bá dára, ẹ wọn compression (agbára tí písítìn fi ń ki afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sílíńdà). Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì, kí ẹnì kan tẹ àkísẹ̀létọ̀ dé ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí sítáátà yí i ní ìgbà márùn-ún fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù kò yẹ kó lọ sílẹ̀ ju 75% èyí tó ga jù lọ. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, òrùka písítìn ti jẹ. Bí kò bá yí padà, fáàfù ni tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Sílíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n jọ rẹlẹ̀ máa ń tọ́ka sí gásíkẹ́ẹ̀tì.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àti P0420

P0135 àti P0141 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kò lè gbóòórùn ọ́síjìn mọ́. Ohun tó ń mú un gbóná ni wọ́n ń sọ. Ẹ wo fíúsì rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, nínú sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́rin, méjì tí àwọ̀ wọn jọra ló sábà jẹ́ ti ìgbóná. Ẹ wọn óòmù láàárín wọn: ó yẹ kó jẹ́ óòmù díẹ̀, nǹkan bíi 3 sí 15. Bí mítà kò bá ka nǹkankan, ó ti já nínú. Bó bá dára, ẹ wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì apá ọkọ̀ bóyá 12 fólìtì ń dé ibẹ̀.

P0420 ni wọ́n fi ń ta catalyst fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sí 2,500 nígbà tó ti gbóná, kí ẹ wo sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjèèjì, ti iwájú catalyst àti ti ẹ̀yìn rẹ̀, lórí live data. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbà, ti iwájú máa ń fò láàárín 0.1 àti 0.9 fólìtì láìsinmi. Ti ẹ̀yìn yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ ní nǹkan bíi 0.6 sí 0.7. Bí ti ẹ̀yìn náà bá ń fò bákan náà bíi ti iwájú, catalyst kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tí páìpù èéfín ti ń jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, torí ihò ibẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó sì ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Ìlà dúdú bí ẹ̀dú lára ìsopọ̀ páìpù ni àmì rẹ̀. Catalyst kì í sì í kú lásán: misfire, ọ́ìlì tàbí omi rédíétọ̀ tó ń jó nínú sílíńdà ló ń pa á. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ láìdá ìyẹn dúró, tuntun náà á tẹ̀ lé e.

Oru epo àti thermostat

P0440, P0442 àti P0455 ń sọ pé oru epo ń sá jáde láti inú tànkì tàbí páìpù rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà ìdérí tànkì bóyá ó ti sán, ẹ dé e títí á fi dún. Bí kò bá jẹ́ ìdérí, ẹ yọ purge valve (fáàfù tó ń jẹ́ kí oru epo wọ ẹ́ńjìnnì), kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láìsí iná mànàmáná lórí rẹ̀: kò gbọdọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Ẹ má máa rọ epo kún lẹ́yìn tí ẹnu pọ́ǹpù bá ti já, nítorí epo á ṣàn lọ sínú àpótí èédú tó ń gba oru, á sì bà á jẹ́.

P0128 ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń pẹ́ kó tó gbóná. Omi rédíétọ̀ tó dín ń fa á bíi thermostat (fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) tó ṣí sílẹ̀, nítorí náà ẹ wo omi ná, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù; ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná ń bó èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ sítáàtì ọkọ̀ ní tútù, kí ẹ fọwọ́ kan ọ̀pá rọ́bà òkè. Ó yẹ kó tutù títí síkánà á fi ka nǹkan bíi 80°C, kó wá gbóná lójijì. Bó bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, thermostat ti ṣí sílẹ̀.

Wáyà, kí ẹ tó dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi

Fún sẹ́ńsọ̀ ìgbóná oníwáyà méjì, ti omi tàbí ti afẹ́fẹ́, àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀: síkánà gbọ́dọ̀ ka nǹkan bíi -40°C. Ẹ fi wáyà kékeré so ihò méjèèjì sọ́kẹ́ẹ̀tì náà pọ̀: síkánà gbọ́dọ̀ fò lọ sókè ju 120°C lọ. Bí méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, wáyà àti kọ̀ǹpútà dára, sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Bí kò bá yí padà, ẹ má ra sẹ́ńsọ̀; wáyà ti já níbì kan. Ẹ má ṣe èyí fún sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́ta.

Wáyà earth tó ti dípẹtà máa ń fa àléébù tó ń wá tó ń lọ. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ tan iná iwájú àti fáànù, ẹ fi ọ̀pá dúdú mítà kan orí negative bátìrì, ọ̀pá pupa kan irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Bó bá ju 0.2 fólìtì lọ, ẹ tú ìsopọ̀ wáyà earth náà, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, kí ẹ dè é padà. Fún wáyà tí ẹ ń fura sí, ẹ máa mì í bí ẹnì kejì ṣe ń wo live data. Nọ́ńbà tó bá fò bí ẹ ṣe ń mì í ti fi ibẹ̀ hàn yín. Brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ló kẹ́yìn nínú ẹni tí a ń fura sí, lẹ́yìn tí ẹ ti wọn iná àti earth tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹ sì ti rí i pé wọ́n pé.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ìgbà yìí ni kí ẹ pa kóòdù. Ẹ sítáàtì ọkọ̀ ní tútù, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, ẹ wà á nínú ìlú pẹ̀lú dídúró àti gbígbéra, kí ẹ wá gbé e sórí 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ láìtẹ bíréèkì nígbà mélòó kan. Lẹ́yìn náà ẹ wo readiness (àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ti parí) lórí síkánà. Èyí tí kò bá tíì parí, kọ̀ǹpútà kò tíì yẹ apá yẹn wò, iná tó kú kò sì tíì jẹ́rìí sí nǹkankan. Ti oru epo ló máa ń pẹ́ jù, torí pé ní tútù nìkan ló ń ṣe é, tànkì kò sì gbọdọ̀ kún jù tàbí gbẹ jù.

Ẹni tí kò bá ní síkánà lè fi í sílẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe: iná á kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn tí kọ̀ǹpútà yẹ nǹkan náà wò tí kò rí àléébù, kóòdù á sì kúrò nínú ìrántí rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 40 tí ẹ́ńjìnnì bá tutù tó sì tún gbóná.

Bí iná bá padà, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Èyí tó tàn ní kété tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON jẹ́ wáyà tó já tàbí sẹ́ńsọ̀ tó kú pátápátá, ẹ sì lè wá a pẹ̀lú mítà láìsítáàtì ọkọ̀. Èyí tó gba ìrìn méjì tàbí mẹ́ta jẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ń wọ̀n nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, bíi fuel trim tàbí catalyst. Ẹ padà sí freeze frame tuntun rẹ̀, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Bí RPM, ẹrù àti ìgbóná inú méjèèjì bá jọra, àléébù àkọ́kọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yàtọ̀ pátápátá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òmíràn ló bọ́ sí kóòdù kan náà.